Imú Tó Mọ Epo

Ẹ jẹ́ kí a yin imú lógo. Imú, olórí ojú, aṣáájú tí í dé ibi gbogbo kí ara yòókù tó dé! Ojú a máa tan ẹni tó ni ín jẹ, etí a máa gbọ́ àhesọ, ahọ́n sì rèé, òpùrọ́ ni láti kékeré. Ṣùgbọ́n imú ọmọ Òkìtìpupa kì í parọ́, pàápàá tí ọ̀rọ̀ bá dé orí epo bẹntiróòlù. Àwọn ìlú mìíràn ní òkè, wọ́n ní odi, wọ́n ní ààfin tí àlejò ń wá wò. Àwa ní imú.

Ní ìlú wa, ẹni tó bá fẹ́ ra epo lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì kì í rà á bí ẹni ń ra iyọ̀. Epo àdàlù ti ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ fún gbogbo wa rí, nítorí náà a ti kọ́gbọ́n. A ó ní kí ẹlẹ́po ṣí ìdérí. A ó tẹrí ba bí ẹni tó fẹ́ gba àdúrà ìbùkún. A ó dijú, a ó fa òórùn náà sínú títí yóò fi dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀, a ó dákẹ́ díẹ̀ kí àwọn tó dúró níbẹ̀ lè rí wa dáadáa, lẹ́yìn náà ni a ó wá dájọ́: "Kẹrosíìnì wà nínú eléyìí."

Bí ènìyàn bá ṣe ga tó láwùjọ ni fífà tirẹ̀ ṣe ń gùn tó. Òṣìṣẹ́ kánsù a fà á ní kúkúrú, nítorí iṣẹ́ ìjọba kì í fẹ́ wàhálà. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ a fà á, a ní kí wọ́n ṣí kẹ́ẹ̀gì kejì kí òun fi wé e. Mo mọ ọ̀mọ̀wé kan tó dijú pẹ́ lórí kẹ́ẹ̀gì tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin tó ń ta epo fi rọra fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní, "Sà, ṣé kò sí o?" Ohun tó sì dùn jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé kò sí ẹni tó ń dá epo padà lẹ́yìn ìdájọ́. A ó rà á bẹ́ẹ̀, tòun ti kẹrosíìnì inú rẹ̀. Kí ayé ṣáà ti mọ̀ pé a mọ̀ ni.

Ọ̀gá gbogbo onímú ìlú yìí ni ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ àǹtí bàbá mi, ọlọ́kadà tó ń gbé èrò láti Òkìtìpupa lọ sí Òde-Ìrèlè. Ẹ̀gbọ́n mi lè sọ fún ọ bóyá epo ti pẹ́ nínú kẹ́ẹ̀gì, bóyá wọ́n fi omi là á, bóyá ọ̀nà odò ló gbà wọ̀lú. Kí n má parọ́, ó máa ń sọ ọ́ ni. Kò sí ẹni tó yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò rí. Síbẹ̀ òkìkí rẹ̀ kàn. Àwọn ènìyàn á gbé kẹ́ẹ̀gì wá bá a láti àdúgbò mìíràn, wọn á ní, "Ọ̀gá onímú, ẹ bá wa wò ó." Ẹ̀gbọ́n mi á fà á, á mi orí, àwọn ènìyàn á pàtẹ́wọ́. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyìn ni owó rẹ̀.

Ibi tó ti ń dájọ́ epo yìí náà ló ti ń ta ayò, lábẹ́ àtíbàbà páànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ẹlẹ́po. Ọ̀ta ni, ògbólógbòó nínú ayò, kì í ṣe òpè. Lábẹ́ àtíbàbà wa, òpè ló ń fi ìka ka ọmọ ayò. Ọ̀ta kì í fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi á wo ọpọ́n lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ á sáré yí àwọn ihò ká bí ajá tó ń wá egungun, á sì ti mọ iye tó wà nínú gbogbo wọn. Á wá máa ròyìn ikú alátakò rẹ̀ fún un kó tó pa á. "Tí o bá ta ti ọ̀tún, o kú. Tí o bá ta ti òsì, ó máa pẹ́ díẹ̀ kí o tó kú. Èwo lo fẹ́?"

N kò lè sọ ọjọ́ tí gbígbọ́ òórùn epo fún ìdájọ́ di gbígbọ́ òórùn lásán. Òun náà kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí a rí ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí táǹkì ọ̀kadà rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, a ní ó ń yẹ epo wò. Aṣọ rẹ̀ ń rùn epo, irọ̀rí rẹ̀ ń rùn epo. Inú rẹ̀ á dùn fún ìgbà díẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ á le bí ojú ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. A ní iṣẹ́ ló ń rẹ̀ ẹ́. Ọmọ ayò bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A ní òtútù ni. Ó ń dúró láàárín ọ̀rọ̀, ó ń wá orúkọ ohun tó wà níwájú rẹ̀ bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́. A ní ìrònú ni. Àlàyé kì í wọ́n nínú ìdílé wa.

Lọ́jọ́ kan, òpè kan pa á láyò, kò sì mọ̀ pé wọ́n ti pa òun. Ó ní òun ló borí. Wọ́n kà á fún un, ó tún ní òun ló borí. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín, ó da ọpọ́n nù, ọmọ ayò fọ́n sínú iyanrìn, ó sì gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ. Kò lọ jìnnà. Ọ̀sán gangan ni, ojú ọ̀nà gbẹ, kò sí ọkọ̀ kankan níwájú rẹ̀, ó kàn wa ọ̀kadà náà wọ inú gọ́tà. Ọlọ́run ṣeun pé kò gbé èrò. Nígbà tó dìde, ó ń rìn bí ẹni tó dúró nínú ọkọ̀ ojú omi tí ìgbì ń gbé, ẹsẹ̀ kan síhìn-ín, ẹsẹ̀ kan sọ́hùn-ún. Ìyá rẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́ lára ọ̀kadà, wọ́n sì dì í mọ́ ìṣẹ́tí ìró wọn. Wọ́n ní, "Ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ti pa òun láyò kò lè mọ̀ pé tírélà ń bọ̀."

Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, torí pé èmi ni mo lọ sí yunifásítì, ìdílé wa sì gbà pé ẹni tó bá lọ sí yunifásítì gbọ́ èdè dókítà. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo kà.

Dókítà náà kò tíì dàgbà púpọ̀. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi ìka kan imú ara rẹ̀, ìka náà lọ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní kó rìn lórí ìlà kan tó wà nílẹ̀ yàrá náà, ẹ̀gbọ́n mi lọ rìn lórí ìlà mìíràn tí àwa kò rí. Dókítà wá béèrè bóyá iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ọ̀dà, gọ́ọ̀mù tàbí epo.

Àǹtí bàbá mi tún gèlè wọn ṣe. "Ọmọ mi yìí?" wọ́n ní, orí wọn wú. "Òun ló ń gbọ́ òórùn epo fún gbogbo ìlú!"

Dókítà gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀.

"Màmá," ó ní, "kí ni mẹkáníìkì fi ń fọ gíríìsì kúrò lọ́wọ́?"

"Bẹntiróòlù ni."

"Kí ló dé tí kì í fi omi fọ̀ ọ́?"

"Omi wo? Omi lè mú ọ̀rá ni?"

"Ẹ ṣé, Màmá. Ọ̀rá pọ̀ nínú ọpọlọ gan-an. Ooru epo tí ọmọ yín ń fà símú, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Ẹ̀dọ̀fóró á gbé e fún ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á gbé e dé orí kí ẹ tó ṣẹ́jú mélòó kan. Tó bá sì débẹ̀, ọ̀rá ló ń wá." Ó nawọ́ sí wáyà fáànù tó wà lókè. "Ẹ wo wáyà yẹn. Rọ́bà wà lára rẹ̀. Àwọn iṣan inú ọpọlọ náà ní aṣọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú aṣọ náà. Tó bá ti ń ya, ọpọlọ á pàṣẹ, ọwọ́ kò ní gbọ́ dáadáa. Ẹ̀yìn orí níbí ló ń jẹ́ ká dúró ṣánṣán, epo ti ń ba ibẹ̀ jẹ́. Ibi tí a ń kó ìrántí sí, ó ti ń ba ibẹ̀ jẹ́. Ó tiẹ̀ lè dá ọkàn dúró lójijì, kódà lára ẹni tó ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré."

Àǹtí bàbá mi wo ọmọ wọn, wọ́n wá wo kọ́kọ́rọ́ tó wà ní ìṣẹ́tí ìró.

"Ṣé orí rẹ̀ á padà?"

"Tó bá jáwọ́ pátápátá, púpọ̀ lè padà. Ṣé gbogbo rẹ̀ ni? N kò ní parọ́ fún yín, Màmá. A ó máa wò ó ni."

Nígbà tí a délé, mo pe gbogbo ẹbí jọ, mo dúró láàárín wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọpọlọ fún wọn. Mo ti ka nǹkan díẹ̀ lórí fóònù nínú ọkọ̀ bí a ṣe ń bọ̀, nítorí náà mo ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo fi ọwọ́ yàwòrán sínú afẹ́fẹ́. Mo lo àwọn ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi kò lè pè lẹ́ẹ̀mejì.

"Yunifásítì, ó tó," àǹtí bàbá mi ní. "Ọ̀rá ni ọpọlọ, epo ń fọ ọ̀rá. Gbogbo wa pátá la jọ gbé epo fún un fi fọ̀ ọ́. Jókòó."

Mo jókòó.

Ẹ̀gbọ́n mi jáwọ́. Mo kọ gbólóhùn yẹn bí ẹni pé ó rọrùn. Ó gbọ̀n, ó bú wa, ó sunkún, orí fọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n ń gúnyán nínú rẹ̀. A gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí ilé aládùúgbò. Ìyá rẹ̀ mú un jókòó lẹ́yìnkùlé, níbi tí wọ́n ti ń yan púpúrú, oúnjẹ gbágùúdá wa, lórí àjà, wọ́n fi ọ̀bẹ àti òkìtì gbágùúdá síwájú rẹ̀, wọ́n ní kó máa bó o. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń bó gbágùúdá, ló bá fò sókè: "Bíréèkì! Bíréèkì ni!" Ó ti ń wá ọ̀rọ̀ yẹn láti àná. A jó nínú èèpo gbágùúdá bí ẹni tí wọ́n bímọ fún.

Ó ṣe díẹ̀, ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá imú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ìlà tí àwa náà ń rí. Dókítà ní ó lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀kadà ní díẹ̀díẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Àǹtí bàbá mi gba ìwé náà, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ká a sínú báàgì. Wọn kò tú kọ́kọ́rọ́.

"Ìwé yìí, dókítà ló kọ ọ́," wọ́n ní. "Ojú tèmi ni mo fẹ́ fi rí i. Kó lọ ta ayò. Ọ̀ta gidi ni kó bá ta á, ẹ̀ẹ̀mẹta. Tó bá borí, kó mọ̀ pé òun borí. Tí wọ́n bá pa á, kó mọ̀ pé wọ́n pa òun, kó má da ọpọ́n nù. Ìgbà yẹn ni màá tú u."

Háà! Ìròyìn náà tàn ká àdúgbò bí iná ọyẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí Àlàájì kan ní Òde-Ìrèlè, oníṣòwò epo pupa, ọ̀ta tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń pa láti ìgbà pípẹ́, tó sì ti ń retí ọjọ́ ẹ̀san. Lọ́sàn-án Sátidé tó ṣáájú Kérésìmesì, Àlàájì dé lórí ọ̀kadà, jalabíà rẹ̀ funfun báláú, ọlọ́kadà mẹ́rin tẹ̀ lé e lẹ́yìn tòun ti èrò, gbogbo wọn ń fọn fèrè. Ara mi yá gágá. Wọ́n ti gbé bẹ́ǹṣì jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù gbogbo. Àwọn ọmọdé wà lórí ògiri. Àǹtí bàbá mi jókòó sórí àpótí níwájú, ọwọ́ wọn wà lórí ìṣẹ́tí ìró.

Ẹ̀gbọ́n mi kí Àlàájì, ó jókòó, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí kò sí ẹni tó retí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa fi ìka kà á."

Abẹ́ àtíbàbà hó gèè. Ọ̀ta tó ń fi ìka kà!

"Ẹ fi í sílẹ̀," Àlàájì ní. "Kó fi ìka ọwọ́ kà á. Tí kò bá tó, kó bọ́ bàtà."

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín o, Àlàájì," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. "Ìka yìí náà ló máa fi ọ̀nà ilé hàn yín nírọ̀lẹ́."

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lu ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lẹ́yìn. Ẹnu rẹ̀ ti padà! Ó kù kí a rí ọpọlọ.

Ọpọ́n àkọ́kọ́ burú. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ìka lọ láti ihò dé ihò, ètè rẹ̀ ń mì, tó bá dé ìdajì á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Àlàájì ń jẹ ẹ́ ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. "Ṣé kí n ránṣẹ́ sílé pé mò ń sùn síbí?" ó ní. "Ta, òpè! Ilẹ̀ ń ṣú!" Nígbà tó parí, ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́ ọpọ́n. Ó pẹ́. Mo rí i tí ìka rẹ̀ di etí ọpọ́n mú, bó ṣe dì í mú lọ́jọ́ tó dà á nù. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan ara rẹ̀, ó jókòó lé wọn lórí.

"Ẹ pa mí," ó ní. "Ẹ tò ó."

Nínú ọpọ́n kejì, mo rí i tó ń kó ọmọ ayò jọ sínú ihò kan, kò ta á, ó kàn ń kó o jọ. Odù ni, ihò tó kún tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ inú rẹ̀ á rin gbogbo ọpọ́n ká, tí wọn á tún kọjá ilé. Ìka rẹ̀ ń kà, ètè rẹ̀ ń kà. Àlàájì ń kọrin èébú. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń kà. Lójijì ó gbé odù náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀ ṣùgbọ́n ọmọ kan kò bọ́, ó yí ọpọ́n ká, ó kọjá ilé, ó wọ ilé Àlàájì lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ tó gbẹ̀yìn sì balẹ̀ síbi tó ti ṣírò pé yóò balẹ̀. Ó kó ihò mẹ́ta mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà!

Ariwo tí a pa, wọ́n gbọ́ ọ dé ọjà. Ẹnì kan gbé mi sókè. N kò mọ ẹni náà títí di òní.

"Àlàájì," ẹ̀gbọ́n mi ní, "ẹ ránṣẹ́ sílé. Ẹ ní kí wọ́n má dá oúnjẹ yín sí."

Ọpọ́n kẹta ni wọ́n ń ta lọ́wọ́ tí ọ̀gbẹ́ni kan fi já èrò kọjá pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà. Kò gbọ́ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ yìí, àbí ó gbọ́, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ṣe pàtàkì jù. Ó ṣí ìdérí. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n, lábẹ́ imú ẹ̀gbọ́n mi gan-an.

"Ọ̀gá onímú! Ẹ bá mi fi imú kàn án, kíá ni."

Ó yẹ kí gbogbo wa lé e. Ẹ̀rí ọkàn mi kò jẹ́ kí n sọ pé a lé e. Ńṣe ni àwọn kan na ọrùn, torí pé ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ ìdájọ́ gidi kẹ́yìn. Òórùn náà gbòde. Mo rí i tí ihò imú ẹ̀gbọ́n mi ṣí. Ọmọ ayò wà lọ́wọ́ rẹ̀ lókè ọpọ́n, ọwọ́ náà dúró. Àǹtí bàbá mi ti dìde dúró.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ kejì di imú mú bí ọmọdé tó fẹ́ bẹ́ sódò. "N kò dájọ́ epo mọ́," ó ní, ohùn rẹ̀ rí bí ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. "Eléyìí tí mo ti dá, òun ló jẹ́ kí n máa fi ìka ka ayò yìí. Yunifásítì, bá mi gbé e kúrò níbí."

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà lọ sẹ́yìn àtíbàbà. Kí n tó padà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Àlàájì, ẹ ti pa mí." Mo sáré dé ibẹ̀. Ọpọ́n kò tíì tán, ọmọ ayò ṣì pọ̀ nínú ihò, Àlàájì fúnra rẹ̀ ń wò wọ̀ọ̀. "Tí mo bá ta eléyìí, ẹ ó jẹ ibí," ẹ̀gbọ́n mi ń fi ìka tọ́ka. "Tí mo bá ta tọ̀hún, ẹ ó jẹ méjèèjì. Kò sí ọ̀nà àbáyọ. Mo ti kú, ẹ̀yin ni ẹ kò tíì mọ̀." Ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Àlàájì kà á. Ó tún un kà, ó sì fi ìka kà á! "Wálàhí," ó ní, "òótọ́ ni."

N kò rí ibi tí wọ́n ti ń fi ijó yẹ́ ẹni tí wọ́n pa láyò sí rí, ṣùgbọ́n a jó lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Àlàájì tó borí dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó sọ àpamọ́wọ́ nù. Àǹtí bàbá mi ń fi eyín tú ìṣẹ́tí ìró wọn, torí pé kókó náà ti le, omijé kò sì jẹ́ kí wọ́n ríran. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ náà sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ wọn.

"Ilé epo nìkan ni wàá ti máa rà á," wọ́n ní. "Wọn á rọ ọ́, ìwọ á dúró lọ́ọ̀ọ́kán."

"Màá dúró sí Òde-Ìrèlè, Màmá."

Ohun kan kù tí n kò tíì sọ. Nígbà tí mo gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn dé ẹ̀yìn àtíbàbà, ìdérí rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ó sì yẹ kí n dé e. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sí ẹnì kankan. Mo tẹrí ba, mo dijú, mo fà á. "Kẹrosíìnì wà nínú eléyìí," mo sọ fún ògiri. Èmi náà ṣe é.